Pálọ̀ Tí Káńsù Kà Mọ́ Kíláàsì

Kí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ náà tó mọ́ dáadáa, Màmá Hannah ti gbá pálọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gbá a tán, ó wọ́n omi sí i, ó tún gbá a. Ó fi àkísà tútù nu bẹ́ǹṣì mẹ́jọ tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ta aṣọ fèrèsé tí wọn kì í mú jáde àfi ọdún Kérésì. Ó wá pe Zipporah, ìyàwó ọmọ rẹ̀, pé kó wá fi ṣọ́ọ̀kì tún ohun tó ti pa rẹ́ lára bọ́ọ̀dù kọ, nítorí pé àlejò ń bọ̀ láti káńsù, àlejò kò sì gbọdọ̀ bá ilé Hannah ní ìhòòhò ní gbogbo àdúgbò Atikori.

Zipporah ní òun ń bọ̀, ṣùgbọ́n kò dìde. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró tó já sí ilé ìdáná, níbi tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà láàárín àpò gàrí àti kẹ́ẹ̀gì epo pupa. Bó bá ń tẹ ẹ̀rọ náà, eékún rẹ̀ á máa kan ògiri. Ibẹ̀ ló ti ń ránṣọ láti ọdún tó kọjá, nítorí pé pálọ̀ tó jẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti di Pírámárì Kẹta.

Ẹ má bi mí bí pálọ̀ èèyàn ṣe ń di kíláàsì. Àwọn tó ń kọ bọ́jẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ bi. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ ilé-ìwé tuntun oníyàrá mẹ́fà sí àdúgbò, wọ́n ní kí owó rẹ̀ tó lè wọnú ìwé, ilẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́. Àwọn ará àdúgbò bá fi ọwọ́ ara wọn wó ilé-ìwé àtijọ́, wọ́n kó àlàpà rẹ̀ dànù, ilẹ̀ mọ́ féfé. Ilẹ̀ ọ̀hún mọ́ títí dòní olónìí. Kí òjò má baà máa pa àwọn ọmọ, wọ́n pín wọn sí ilé onílé. Pírámárì Kìíní bọ́ sí ilé Afeezat, ìyá Farouk, lódìkejì títì. Èkejì bọ́ sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà. Ẹ̀kẹta bọ́ sọ́wọ́ Màmá Hannah, òun ló sì fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kó o wá, nítorí pé Dárasími ọmọ ọmọ rẹ̀ wà nínú wọn. Bí wọ́n ṣe rí ilé fún kíláàsì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nìyẹn.

Lónìí ni òṣìṣẹ́ káńsù ń bọ̀ wá fojú ara rẹ̀ rí i. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ti ìwé àwọn ilé tí wọ́n fẹ́ kọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Bí ilé-ìwé wọn bá wọnú ìwé náà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ìpìlẹ̀ ní oṣù kìíní, Zipporah á sì gba pálọ̀ rẹ̀ padà. Bí kò bá wọ̀ ọ́, ó di ọdún mìíràn, Zipporah kò sì ní ọdún mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀. Oníbàárà mẹ́rin péré ló kù ú kù. Ta ló fẹ́ dúró kí wọ́n wọn ara rẹ̀ níbi tí ọbẹ̀ ti ń hó? Obìnrin kan ti wá kó léèsì rẹ̀ lọ lóṣù tó kọjá nítorí pé epo ta sí i, títí dòní kò sì kí i mọ́ bí wọ́n bá pàdé.

Ìjà òwúrọ̀ náà kò pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Màmá Hannah ní òun fẹ́ se ìkọ́kọrẹ́ fún àlejò, pẹ̀lú ẹja tó jọjú. Zipporah ní ewùrà wà nílé, ṣùgbọ́n owó ẹja ni òun fẹ́ fi ra òwú. Gbémiga ọkọ rẹ̀ ti wọ aṣọ iṣẹ́, ó ń lọ sí ibi tí wọ́n ti ń lagi, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n fi ìṣó kàn mọ́ ibẹ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá a bó ṣe wà," Zipporah wí. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i pé ó há mọ́ wa."

Màmá Hannah fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé òun wọlé yìí, kò sí àlejò kan tó jáde níbẹ̀ tó lọ ń fi ẹnu yẹpẹrẹ òun, kì í ṣe ti káńsù ló máa kọ́kọ́ ṣe é. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ èèyàn, ṣé kò ní kọ́kọ́ fún un lóúnjẹ ni? Létí Zipporah, òótọ́ ni, kò sì jọ òótọ́. Gbémiga wo ìyá rẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó kó owó ẹja lé tábìlì, ó ní òun ti pẹ́ níbi iṣẹ́.

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́jọ, àwọn ọmọ mẹ́tàlélógójì àti tísà wọn ti kún inú pálọ̀ náà. Ọ̀gá ilé-ìwé, Ìyáàfin Oyètọ́lá, wọlé, ó wo aṣọ fèrèsé, ó wo bẹ́ǹṣì tí Gbémiga fi pákó tó jíire kàn, tó sì fá títí tó fi ń dán. Inú rẹ̀ dùn. Òun náà ló lọ láti ilé dé ilé lánàá pé kí oníkálukú tún ibi tirẹ̀ ṣe. Ó ní ẹni tó bá rí báyìí tí a ṣe tọ́jú ohun tí kì í ṣe tìjọba, ó gbọ́dọ̀ fún wa ní tìjọba. Gbogbo wọn gbà bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n létí wọn.

Aago mọ́kànlá ni òṣìṣẹ́ náà dé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ayọ̀ọlá, ó gbé fóònù ńlá kan dání. Kò sí ìgbéraga lára rẹ̀ rárá. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá Hannah, ó kí Zipporah, ó kí àwọn ọmọ. Àwọn ọmọ dìde gìrì, wọ́n kọrin ìkíni fún un, wọ́n ka ìlọ́po mẹ́fà láìṣìṣe. Ó ya fọ́tò. Ó jókòó ti abọ́ ìkọ́kọrẹ́, ó jẹ ẹ́ mọ́ nílẹ̀, ó ní ìyá tó bí òun kì í sè é dùn tó báyìí. Inú Màmá Hannah dùn débi pé ó tún bu díẹ̀ sí i.

Ìgbà tó jẹun tán ló ṣí fóònù tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Ó béèrè bóyá òrùlé wà. Màmá Hannah ní páànù gidi ni. Ó béèrè bóyá ó ń jò. Màmá Hannah ní ilé tòun kì í jò. Bọ́ọ̀dù ńkọ́? Ó wà. Fèrèsé ńkọ́? Mẹ́rin ni, atẹ́gùn ń wọlé dáadáa. Bẹ́ǹṣì ńkọ́? Ó ní kí Ayọ̀ọlá fọwọ́ pa á lára kó lè mọ̀ pé ọmọ òun ló kàn án. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́? Ó ní ó wà lẹ́yìnkùlé, omi sì wà nínú dúrọ́ọ̀mù. Gbogbo èyí tí Màmá bá wí, ọmọkùnrin náà á fi ìka kan tẹ fóònù, á sì mi orí.

Zipporah dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Ara rẹ̀ kọ́kọ́ balẹ̀, lẹ́yìn náà kò balẹ̀ mọ́. Kò lè tọ́ka sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ́, ṣùgbọ́n ó ń rí i pé bí Màmá bá ti ń yin ilé tó ni ìka náà ń yára sí i. Ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó bọ́ síwájú, ó bi í pé kí ló ń kọ gan-an.

Ayọ̀ọlá kò fi pa mọ́. Ó yí ojú fóònù sí i. Ó ti kọ iye yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tó ṣeé lò síbẹ̀: mẹ́fà. Bí wọ́n ṣe wà: ó dára. Ó ní márùn-ún ni òun ti rí láti àárọ̀, èyí ló ṣe ìkẹfà. Ó ní mẹ́fà ni ilé-ìwé béèrè fún, mẹ́fà ni ó sì ti ní, fóònù náà fúnra rẹ̀ ló yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì, èsì tó gbé jáde ni òdo.

Zipporah ní pálọ̀ àwọn ni. Ó tún un wí ní Ìjẹ̀bú pọ́nńbélé, bóyá ibẹ̀ ni kò ti yé e. Ayọ̀ọlá ní ó yé òun. Ó fi ìka ti ojú fóònù sókè, ó tì í sísàlẹ̀, ó ń wá ibi tí wọ́n ti béèrè ẹni tó ni ilé. Kò rí i. Wọn kò béèrè rẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù náà, bó bá sì fo ìlà kan, fóònù náà kò ní jẹ́ kó lọ sí èkejì. Òógùn bò ó. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, wọ́n gbé ẹ̀rọ lé ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ pé kó fi ka ilé ayé, wọn kò sì fi ojú sí ẹ̀rọ ọ̀hún.

"Àǹtí, kí ni ẹ fẹ́ kí n kọ?" ó wí. "Mo bá ọmọ, mo bá tísà, mo bá bẹ́ǹṣì, mo bá bọ́ọ̀dù. Tí mo bá kọ ọ́ pé kò sí kíláàsì, irọ́ ni mo pa. Fọ́tò wà níbẹ̀."

Ìyáàfin Oyètọ́lá ń wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. Màmá Hannah di abọ́ tó ṣófo mú.

Ohun tí Zipporah ṣe lẹ́yìn ìyẹn, òun gan-an kò lè sọ ìgbà tó rò ó. Ó padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ jáde, ó ń ti bẹ́ǹṣì sọ́tùn-ún sósì títí ó fi dé àárín pálọ̀. Àwọn ọmọ sá fún un. Dárasími fi ìwé bo ojú. Ó jókòó, ó ki aṣọ bọ abẹ́ abẹ́rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ ń ké, tísà kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Kí ọmọ káńsù náà fojú ara rẹ̀ rí i pé ṣọ́ọ̀bù ni, kí ó rí i pé ibi tí èèyàn ti ń wá oúnjẹ ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní kíláàsì.

Ayọ̀ọlá wò ó. Ojú rẹ̀ wá là. Ó ní ẹ ṣeun o, ó ní àyè ìyẹn wà nínú fọ́ọ̀mù, òun ti fẹ́ gbàgbé. Ó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé ilé-ìwé náà ní ibi ìkọ́ṣẹ́ ọwọ́ kan, èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ó ya fọ́tò Zipporah nídìí ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ dákẹ́. Ọmọkùnrin náà tún dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, ó dúpẹ́ oúnjẹ, ó ní nínú gbogbo ilé-ìwé tí òun ti dé lọ́sẹ̀ yìí, kò sí èyí tí wọ́n tọ́jú tó báyìí. Ó sì gun ọ̀kadà lọ.

Kò pẹ́ tó lọ tí Afeezat sọdá títì wá, ó wé ìborùn rẹ̀ láìdì í. Ó ní bó ṣe rí níbi tiwọn náà nìyẹn. Fáńtà tútù ni òun fún un ní tòun, òun tún fi ẹní tuntun tẹ́ ilẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ó ní ọ̀rọ̀ àwọn wá di ti igúnnugún tó ṣoore tó pá lórí, àti àkàlàmàgbò tó ṣoore tó yọ gẹ̀gẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní àbúrò òun tó wà lábúlé kan lọ́nà ìlú Awa pe òun lórí fóònù. Níbẹ̀, nígbà tí wọ́n gbọ́ pé káńsù ń bọ̀, ńṣe ni wọ́n yọ páànù orí kíláàsì wọn, wọ́n ní ìjì ló gbé e lọ. Àwọn ọmọ jókòó sínú oòrùn, òṣìṣẹ́ tó rí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Wàláì, wọ́n ti wọnú ìwé. Nínú àwọn obìnrin méjì kan tó dúró létí fèrèsé, ọ̀kan ní òun náà gbọ́ ọ, èkejì ní irọ́ ni, abúlé náà kò tilẹ̀ ní ilé-ìwé. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí, kò sẹ́ni tó mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú rẹ̀.

Wọ́n ní kí wọ́n kó àwọn ọmọ síta bí òṣìṣẹ́ mìíràn bá tún ń bọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n jókòó sórí ilẹ̀ tó mọ́ féfé yẹn. Oníkálukú gbà pé ó dára, àfi kó má jẹ́ ọmọ tòun ló máa jókòó sínú òjò.

Aago márùn-ún kọjá díẹ̀ ni Ìyáàfin Oyètọ́lá dé láti ọ́fíìsì káńsù. Kò jókòó. Ó ní wọ́n ti lẹ ìwé náà mọ́ ògiri, òun ka orúkọ gbogbo ilé tó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ilé-ìwé àwọn kò sí níbẹ̀. Lábẹ́ ìwé kejì ni òun ti rí i, láàárín àwọn tí kò ṣe aláìní. Ó bi akọ̀wé kan pé ta ni kí òun bá sọ̀rọ̀. Akọ̀wé ní ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn lè kọ̀wé, obìnrin náà ní òun ti kọ ọ́. Òṣìṣẹ́ mìíràn ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta lọ́la, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, kó lè tún un wò. Lẹ́yìn rẹ̀, ó tán, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Zipporah bi í pé kí ni ẹni ọ̀la máa wá rí tí tòní kò rí. Obìnrin náà ní òun kò mọ̀. Ó ní akọ̀wé ní wọ́n ti kọ ọ́ pé ó dára, àfi bí nǹkan kan bá ṣe kíláàsì náà láàárín òní sí ọ̀la. Ó sọ ọ́ tán, ó sì wo ojú gbogbo wọn bí ẹni pé kí wọ́n bá òun túmọ̀ ohun tí òun sọ. Lẹ́yìn náà ló lọ.

Gbémiga dé pẹ̀lú ìyẹ̀fun pákó lórí. Wọ́n bu ìkọ́kọrẹ́ tó kù fún un, ó jẹun nídìí ẹ̀rọ tó ṣì dúró sáàárín bẹ́ǹṣì. Zipporah rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ibi ìkọ́ṣẹ́ ọwọ́, Gbémiga rẹ́rìn-ín, ó sì rí i pé kò sẹ́ni tó bá òun rín in. Nígbà tó dé ibi páànù abúlé, ó dá oúnjẹ dúró. Ó gbójú sókè. Pálọ̀ náà kò ní sílíìnì, igi àjà àti páànù náà ni wọ́n jọ ń wo ara wọn.

"Ilé ọba tó jó," ó wí, "ẹwà ló bù sí i."

"Ilé ọba ni," Zipporah dáhùn. "Ọba lówó tó máa fi kọ́ òmíràn. Bàbá Dárasími, àwa ńkọ́?"

Ó ní bí òjò bá rọ̀ lóru ńkọ́? Bí ẹni ọ̀la kò bá wá ńkọ́? Bó bá wá, tí fóònù tirẹ̀ náà kò sì ní ibi tí wọ́n ti ń kọ páànù tó ṣí ńkọ́? Òun tó ń fẹ́ kí wọ́n rí i láti àárọ̀ pé ó há, òun ló wá ń bẹ̀rù jù báyìí. Gbémiga ní òun kò sọ pé kí wọ́n ṣe é, òwe ni òun pa. Zipporah ní ẹni tó bá pa òwe nílé onípáànù kó máa mọ ohun tó ń sọ. Ohùn wọn ga, Dárasími jáde lọ jókòó sójúde.

Màmá Hannah ti wà nínú pálọ̀ láti ìgbà tí ọ̀gá ilé-ìwé ti lọ. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ, eékún rẹ̀ ga ju àyà rẹ̀ lọ. Ó dìde, ó yọ aṣọ fèrèsé ọdún Kérésì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ká wọn, ó kó wọn fún Zipporah.

"Gbémiga," ó wí, "páànù mélòó ló bo ibí yìí?"

"Mẹ́rìndínlógún, Màmá."

"Yọ mẹ́fà."

Wọ́n yá àkàbà nílé Afeezat. Oòrùn kò tíì wọ̀ tán nígbà tí Gbémiga gun orí ilé pẹ̀lú òòlù, ìṣó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké bó ṣe ń fà wọ́n jáde nínú igi. Zipporah wà nínú pálọ̀, ó ń wọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rí i bí ilẹ̀ tí wọ́n gbá lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ ṣe ń gba ìpẹ́pẹ́ ìdọ̀tí àti ìpẹtà. Páànù àkọ́kọ́ kúrò, ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ bọ́ sórí bẹ́ǹṣì. Èkejì tẹ̀ lé e. Ìkùukùu ti ń ṣú lápá Òkè-Àgbò, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ wo ibẹ̀. Màmá Hannah ló di ẹsẹ̀ àkàbà mú, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í.

Ọkùnrin kan tó ń bọ̀ láti oko, Gbóyèga, ará ìsàlẹ̀ títì, dúró lójú ọ̀nà. Ó wo orí ilé, ó wo páànù tí wọ́n tò sílẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ṣé ilé lẹ ń tún ṣe?"

Gbémiga dá òòlù dúró. Zipporah yọjú láti ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ń wo ìyá àgbà náà. Ó tún ìró rẹ̀ ṣe, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọkùnrin náà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni o, àwọn ń tún un ṣe.